Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Bi Léèrè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Niamey)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọmọdé ni ó dá a sílẹ̀. Ní Boukoki tí mo ń gbé, ọmọ kan nínú agbo ilé wa, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ tíì sọ àpò ìwé kalẹ̀ tí ó fi bi mí pé: “Bàbá, olùkọ́ wa sọ pé de Gaulle fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi wọ Dakar, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ilẹ̀kùn wo ni òkun ní, tí wọ́n fi lè tì í mọ́ ènìyàn?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ ní ẹnu mi, nítorí nígbà tí mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé ohun tí mo mọ̀ nípa ogun náà kò ju orúkọ àwọn ọ̀gágun àti ọdún tí ó ṣẹlẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi láyè díẹ̀, àyè díẹ̀ náà sì di oṣù púpọ̀.

Ọmọ tí a bí sí Boukoki kò lè ṣe kí ó má béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ahéré ni àdúgbò wa. Àwọn Hausa ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ahéré ní bukkoki, ẹyọ kan rẹ̀ a sì máa jẹ́ bukka, èyí tí àwa Yorùbá mú lọ sílé tí a sọ di búkà tí a ti ń jẹ àmàlà. Omi tí ó tóbi jù lọ tí ojú ọmọ náà ti rí ni Odò Ọya tí ń kọjá lábẹ́ afárá Kennedy, tí àwọn apẹja rẹ̀ ń fi ọkọ̀ onígi tẹ́ẹ́rẹ́ dá kọjá láàárọ̀, tí àwọn alágbàfọ̀ sì ń sá aṣọ sí bèbè rẹ̀. Omi tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tí a lè bá ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ bí atẹ́gùn bá dára, báwo ni yóò ṣe kọ́ ọmọ ní ìwà òkun?

Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí mi ti bẹ̀rẹ̀, àní láti ọ̀dọ̀ omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Niamey mọ ìṣe Ọya dáadáa: ó ń kún nígbà òjò, ní oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, tí àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ẹni pé a po amọ̀ sínú rẹ̀, á fà díẹ̀, á sì tún kún lẹ́ẹ̀kejì nígbà ọyẹ́, nígbà tí omi òjò tí ó ti rọ̀ ní òkè Guinea láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìkún méjì lọ́dún kan. Òkun ní tirẹ̀ ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Kíkún ti ọ̀la a máa pẹ́ ju ti òní lọ ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí bí ó bá pé rogodo lójú ọ̀run, kíkún náà a ga sí i, fífà rẹ̀ náà a sì jìn sí i. Nítorí náà, etí omi tí ọkọ̀ lè fi imú kàn ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ lè di ẹrọ̀fọ̀ gbalasa kí oòrùn tó kàn átàrí, tí ọkọ̀ á jókòó lé e lórí bí adìẹ tí ó sàba, tí ọmọ ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ á máa fa ẹsẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọta ń fò lókè orí rẹ̀. Àwọn baba wa tí ń gbé etí ọ̀sà kò dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Àwọn ni wọ́n sọ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó Akéte kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun ti Ọba Kòsọ́kọ́ láti dá Akítóyè padà sórí oyè, nínú ogun tí àwọn ará Èkó fi ìró àgbá sọ lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní Agídìngbì, ọkọ̀ wọn méjì, Bloodhound àti Teazer, ni ó fi ìdí kan iyanrìn inú ọ̀sà lábẹ́ ẹnu àgbá Kòsọ́kọ́. Kí wọ́n tó lè pa àgbá tí ń ba Teazer jẹ́ lẹ́nu mọ́, àfi kí wọ́n kó ènìyàn sọ̀kalẹ̀ sí etí omi, ìsọ̀kalẹ̀ náà sì ná wọn ní ẹ̀mí. Ìwé ìtàn tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́ sọ fún wa nípa òwò ẹrú, ó sọ nípa oyè, ó sọ nípa àdéhùn tí Akítóyè fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa iyanrìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Dakar tí ọmọ náà bi mí léèrè. Ọdún 1940 ni. Jámánì ti ṣẹ́gun Faransé. Ìjọba tí Pétain gbé kalẹ̀ sí ìlú Vichy ti túúbá. De Gaulle, ọ̀gágun Faransé, sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ké sí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ pé ogun kò tíì parí. Gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, títí kan ilẹ̀ Niger tí a wà yìí, ń gba àṣẹ lẹ́nu Pierre Boisson, gómìnà àgbà tí ó fi Dakar ṣe ibùjókòó, ẹni tí ó ti yàn láti dúró lẹ́yìn Vichy. Èrò Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti de Gaulle ni pé bí ará Dakar bá jí lówùúrọ̀ tí wọ́n rí ọkọ̀ ogun lọ bẹẹrẹ níwájú ìlú, ọkàn wọn á domi, ìlú á sì ṣí sílẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọkọ̀ náà yọ: Barham àti Resolution tí í ṣe òléwájú ọkọ̀ ogun, Ark Royal tí ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ tí ó kó ọmọ ogun, àti Westernland, ọkọ̀ èrò àwọn ará Holland, tí de Gaulle fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kùrukùru bo ojú òkun lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo fẹ́ kí ẹ rántí bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ète tí a gbé ka orí pé kí ojú rí, ojú kò rí i. Ó dà bí eégún tí a dá aṣọ olówó iyebíye fún, tí ó wá jáde ní òru tí kò sí òṣùpá. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré méjì tí ó gbéra láti Ark Royal balẹ̀ sí pápá Ouakam láti fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bẹ àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n mú àwọn tí ó wà nínú wọn. Thierry d'Argenlieu, aṣojú de Gaulle, wọ ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lọ sí èbúté pẹ̀lú àsíá funfun. Wọ́n yìnbọn fún un, ó sì fara gbọgbẹ́ padà. Lẹ́yìn náà àgbá etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti Gorée àti Cap Manuel, Richelieu, ọkọ̀ ogun gàgàrà tí ó wà ní èbúté, náà sì dáhùn.

Kí ló dé tí Faransé fi yìnbọn fún Faransé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbé àsíá funfun? Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án kò ní rí èsì. Ó ní láti padà sí ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dojú àgbá kọ ọkọ̀ Faransé tí ó so mọ́ èbúté Mers-el-Kébir ní Algeria, tí atukọ̀ Faransé tí ó lé ní 1,200 sì ṣègbé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tún kọlu Richelieu ní Dakar fúnra rẹ̀. Àwọn atukọ̀ tí ó dúró sídìí àgbá ní oṣù Kẹsàn-án kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lára. Ẹni tí a pa ìbátan rẹ̀ kì í yára mọ àsíá funfun yàtọ̀ sí àwọ̀ mìíràn.

Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ní ọjọ́ kìíní yẹn ni wọ́n gbìyànjú ìgúnlẹ̀ kan ṣoṣo tí ogun náà ní. Wọ́n yí lọ sí Rufisque, ìlú àwọn apẹja Lébou ní ìhà ìlà-oòrùn Dakar, pẹ̀lú ọkọ̀ kéékèèké tí ó kó ọmọ ogun orí omi de Gaulle. Ìbọn etíkun pàdé wọn. Ọta ba ọkọ̀ Commandant Duboc, ènìyàn kú nínú rẹ̀. Kùrukùru kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá tí ó yẹ kí ó gbèjà wọn mọ ibi tí wọ́n wà. De Gaulle sì ní kí wọ́n padà, pé òun kò fẹ́ kí Faransé máa ta ẹ̀jẹ̀ Faransé sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni Australia, ọkọ̀ ogun kan lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dáná sun L'Audacieux, ọkọ̀ ogun Vichy, tí ọkùnrin 81 sì kú. Ọkọ̀ abẹ́ omi Vichy, Persée, rì ní ọjọ́ kìíní, Ajax rì ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wọn, Bévéziers, ni ó parí ìjà: ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25 ó ju tọ̀pídò lu Resolution, ó sì kù díẹ̀ kí ó rì í. Barham ni ó fi okùn fà á dé Freetown. Ó parí.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ibo ni a ti lè rí i? Churchill kọ ìwé ogun tirẹ̀, ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún Dakar. De Gaulle kọ tirẹ̀ ní ọdún 1954, ó sì fi ẹwà èdè bo egbò náà mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ òótọ́, àwọn méjèèjì sì ń gbèjà ara wọn. Boisson kú ní ọdún 1948 kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò ráyè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà olùwádìí kò gbọdọ̀ jókòó ti ìwé àwọn tí ó pẹ́ láyé nìkan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀rí ni ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, tí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ ní wákàtí wákàtí: ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, bí kùrukùru ṣe nípọn tó, bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, ìgbà tí a sọ ìdákọ̀ró àti ìgbà tí a fà á sókè. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ìtàn ni òun ń kọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ipò atẹ́gùn wá oyè. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn Faransé wà ní Vincennes lẹ́bàá Paris, ìwé ìjọba àwọn gómìnà àgbà sì wà ní Dakar níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún aago o! Aago ọkọ̀ àti aago ìlú kì í sábà bára mu, mo sì ti rí ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ohun tí kì í ṣe nǹkan kan ju wákàtí kan tí ó wà láàárín aago méjì lọ.

Ohùn kan ṣì wà tí kò sí nínú àwọn ilé ìpamọ́ ìwé wọ̀nyẹn. Àwọn apẹja Rufisque tí ń wa ọkọ̀ wọn la ìgbì kọjá lójoojúmọ́ mọ ibi tí iyanrìn ga sí lábẹ́ omi ju gbogbo àwòrán tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgúnlẹ̀ náà ìbá ti ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ni kí ó gba lọ.

Ó wá ku ti ilé wa, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò bí ẹ ti ń gbọ́ mi yìí. Omi Ọya tí ó kọjá ní Niamey lónìí, ìsàlẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń lọ, níbi tí ó ti ya ẹ̀ka lọ́nà púpọ̀ kí ó tó wọ òkun, nínú igbó tí gbòǹgbò igi ibẹ̀ dúró sórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Bonny wà ní ẹ̀bá ibẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà omi tí ó lọ sí Port Harcourt. Láti ọdún 1961 ni ọkọ̀ ti ń gbé epo rọ̀bì níbẹ̀. Ẹni tí ó bá di Bonny mú ti di Port Harcourt lọ́fun. Ní oṣù Keje ọdún 1967, nígbà tí ogun Biafra kò tíì pé oṣù kan, ọmọ ogun Nàìjíríà gba ojú omi gúnlẹ̀ síbẹ̀ lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, ẹni tí ayé ń pè ní Àkekèé Dúdú, tí a bí ní Kaduna ní ọdún 1936, ọmọ ìyá Bachama, ọmọ bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ajílété. Àwọn ìwé kan kọ ọjọ́ 25, àwọn mìíràn kọ ọjọ́ 26. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ọjọ́ tí ọkọ̀ dé ẹnu odò, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àti ọjọ́ tí ìròyìn dé Èkó lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú sì fi tirẹ̀ ṣe ọjọ́ ogun.

Ohun tí ó mú mi dúró lórí Bonny ni ìwọ̀nba ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní ọkọ̀ ogun kan tí a kàn ní Holland, tí ó ń jẹ́ NNS Nigeria. Wọ́n ní NNS Lokoja, ògbólógbòó ọkọ̀ tí a rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959, òun sì ni irú èyí tí ó lè fi imú kan ilẹ̀ kí ó sì ya ẹnu kí ọmọ ogun jáde. Ọkọ̀ akẹ́rù oníṣòwò ni wọ́n fi kún un. Àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ orí ilẹ̀ tí kò wọ ọkọ̀ òkun rí ṣáájú oṣù náà. Mo gbóríyìn fún wọn, láìsí pé mo gbàgbé àwọn tí ó wà ní òdìkejì ìbọn wọn, ọmọ ìyá wọn ni.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n tún gúnlẹ̀ sí Calabar, ìlú tí kò sí létí òkun gan-an, tí ọkọ̀ ní láti gba inú odò lọ kí ó tó dé e. Mo kà nípa ìgúnlẹ̀ yìí nínú ìwé púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa òṣùpá. Nígbà tí mo wo ìwé kàlẹ́ńdà àwọn awòràwọ̀, mo rí i pé ọjọ́ náà gan-an ni oṣù pé, tí òjìji ayé tilẹ̀ bo òṣùpá náà pátápátá fún àwọn tí òru wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ó jẹ́ ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Oṣù tí ó pé, omi ńlá ni. Omi ńlá, ọkọ̀ á léfòó kọjá ibi tí kò lè gbà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ṣé Adékúnlé yan ọjọ́ náà ni, àbí ó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé tọ ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ nìyẹn, kí a tó máa bá ara wa jà lórí ẹni tí ó láyà jù. Nítorí ìjà ìwé pọ̀ lórí ogun náà: Ọbásanjọ́, ọ̀gágun Nàìjíríà, kọ tirẹ̀ ní ọdún 1980, Madiebo tí ó ṣe olórí ogun Biafra kọ tirẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, Alabi-Isama, tí òun náà jagun fún Nàìjíríà, sì gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2013 pẹ̀lú máàpù àti àwòrán, ó ń já Ọbásanjọ́ nírọ́ láti ojú ewé dé ojú ewé. Ẹ kà wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, òun náà ti wọ iṣẹ́ ológun láìmọ̀.

Mo ti dá ọmọ náà lóhùn. Mo sọ fún un pé òkun ní ilẹ̀kùn, iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ni pákó rẹ̀, kíkún àti fífà omi ni ó ń ṣí i tí ó sì ń tì í, nígbà mìíràn kùrukùru a sì máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́. Ó gbọ́ tán, ó ní: “Ta ni ó sọ fún yín?” Mo fẹ́ràn ọmọ náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọmọ Niger wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs, àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Elba ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1944, tí wọ́n sì tún gúnlẹ̀ sí gúúsù Faransé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, tí wọ́n jà títí wọ́n fi gba Toulon. Ilé àwọn Hausa àti Zarma tí a jọ ń gbé Boukoki lè ní ìwé ológun (livret militaire) bàbá àgbà wọn nínú àpótí, kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Ilé Yorùbá lè ní ẹni tí ó jagun ní Bonny tàbí Calabar, tí ó ń gbé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tí a kì í bi ní nǹkan kan mọ́ ju bóyá ó ti jẹun lọ. Ẹ mú ìwé àti kálàmù tọ̀ wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé wọn, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí Institut de Recherches en Sciences Humaines ní Yunifásítì Abdou Moumouni. Kí ẹ sì tó bi wọ́n nípa ìbọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà.